Tẹlifíṣọ̀n Ńlá Alábòójútó Ìlú Motichauki

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oyè ṣe ń pa èèyàn bí ọtí, kó wá béèrè Alábòójútó Vishwambhar lọ́wọ́ àwa ará Motichauki. Ìjọba ló rán an sí wa pé kó máa bójú tó ìlú: kó rí sí omi, kó rí sí gọ́tà, kó rí i pé màlúù ò sùn sójú títì. Ọkùnrin náà dé, ó wo omi, ó wo gọ́tà, ó wo màlúù, ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò tó òun í ṣe. Ìlú lòún wá là lójú. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ: Ìmọ́lẹ̀ Motichauki, Baba Ìtẹ̀síwájú, Ọ̀tá Òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná wa kì í pé wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ o. Lakhan akọ̀wé ló máa ń ka orúkọ wọ̀nyí jáde kí ọ̀gá tó wọlé. Bí Lakhan bá fo ọ̀kan, ọ̀gá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, á máa wúkọ́ títí Lakhan á fi rántí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gun òkè tẹ́ḿpìlì lọ ya fọ́tò ara rẹ̀. Nígbà tó wo fọ́tò náà, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ló rí. Ó rí òrùlé ìlú lẹ́yìn òun, díìṣì tẹlifíṣọ̀n sì kún orí wọn lọ súà. Ó ní wọ́n ba fọ́tò òun jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ké sí gbogbo ìlú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ta ní ń lo díìṣì láyé òde òní? Ẹni tó gbé díìṣì sórí òrùlé ń tọrọ lọ́wọ́ ojú ọ̀run ni, bí alágbe tó na igbá! Èmi Vishwambhar ò ní jẹ́ kí ìlú mi ṣagbe! Mo ti pàṣẹ tẹlifíṣọ̀n kan, tẹlifíṣọ̀n ọlọ́gbọ́n, tó gùn ju ọkùnrin méjì tó nà gbalaja. Gbọ̀ngàn ìlú la ó gbé e kọ́. Ìlú kan, tẹlifíṣọ̀n kan, olórí kan! Kí gbogbo díìṣì kúrò lórí òrùlé kí oṣù yìí tó parí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kí ni wọn ì bá ṣe? Lakhan ń kọ orúkọ àwọn tí ò pàtẹ́wọ́.

Iqrar, ọkùnrin tó ń tún díìṣì ṣe nílùú, ló dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tẹlifíṣọ̀n ọlọ́gbọ́n dáa o, àmọ́ áàpù inú rẹ̀ ló ń mú un gbọ́n. Ẹ béèrè èyí tó wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á. Òmíràn wà, ara ńlá ni, kò sóhun tó mọ̀."

"Jókòó, alátùnṣe," ni ọ̀gá wí. "Ṣé wọ́n máa ń bi erin pé kí ló jẹ láàárọ̀ kí wọ́n tó gùn ún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Iqrar jókòó. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀gá fi yan tẹlifíṣọ̀n yẹn fún yín, ẹ má sọ pé èmi ni mo wí: ẹni tó tà á sọ fún un pé tí wọ́n bá tàn án, ojú ẹni tó rà á ló máa kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú orin. Ọ̀gá ò béèrè ohun mìíràn mọ́.

Ẹni tí òfin yìí dùn jù ni Sarju, opó tó ń rán bùláòsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga àtijọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kesar. Kesar ọmọ rẹ̀ ń ṣeré kírikẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ jù láyé rẹ̀, àjákù aṣọ ni, Sarju ló fi òwú rán an pọ̀. Nígbà tí Kesar ń dàgbà, àwọn ẹbí ọkọ Sarju ń sọ pé ọmọbìnrin tó ń sáré kiri pápá ò ní rọ́kọ fẹ́. Nítorí náà Sarju ò lọ sí pápá rí. Ó mọ̀ pé tí òun bá lọ, wọ́n á ní òun ló ń kì í láyà, wọ́n á sì dá ọmọ náà dúró. Ìdí máṣíìnì ìránṣọ ló ń jókòó sí, á máa fetí sí ariwo tó ń bọ̀ láti pápá, á máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Bóyá ti Kesar nìyẹn." Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbọ́ eré ọmọ rẹ̀ láìrí i.

Ní báyìí, wọ́n ti mú Kesar wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè wa. Ó fóònù sílé.

"Amma, Ọjọ́bọ̀ ni o. Aago méjì ọ̀sán. Gbogbo ayé ló máa rí i."

"Èmi náà á rí i," ni Sarju wí.

"Tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́, màá fa etí mi ọ̀tún. Ẹ̀yin ni mò ń kí yẹn. Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fà á fún mi tí mo bá ti yí aṣọ mọ́lẹ̀?"

"Má fà á jù o, kó má já," ni Sarju wí, ó sì tètè pa fóònù torí ẹkún ti dé.

Kí ló kù? Díìṣì rẹ̀ wà lórí òrùlé, ìkànnì ìjọba tó máa gbé eré náà wà lórí díìṣì. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kí ọ̀gá jẹ́ kí díìṣì náà wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì eré. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sí ọ́fíìsì.

Gílóòbù pupa kan wà lókè ilẹ̀kùn ọ̀gá. Bó bá tàn, ìpàdé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn. Ó tàn.

"Ìyá Kesar, ẹ jókòó," ni Lakhan wí. "Ìmọ́lẹ̀ Motichauki wà nípàdé."

Sarju jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin. Gílóòbù ò kú, torí ọ́fíìsì ní jẹnẹrétọ̀. Ó padà lọ́jọ́ kejì, gílóòbù ń tàn. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹrin, bó ṣe fi orí ti ògiri, ó gbọ́ ohùn kan nínú lọ́hùn-ún. Ẹkún ni. Ẹkún gidi, ẹkún àsun-ùn-dákẹ́.

"Lakhan, ta ló ń sunkún?"

Lakhan wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìlú ni, Ìyá. Tí ọ̀gá bá ti ń ro ìyà tó ń jẹ àwọn èèyàn, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ohùn obìnrin ni mo gbọ́."

"Ìbànújẹ́ ló sọ ohùn wọn di bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín. Sarju gbà á gbọ́. Àánú ọ̀gá ṣe é débi pé nígbà tó délé, tí Màmá Gomti, ìyá arúgbó tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún Alábòójútó, òun ló gbèjà rẹ̀.

"Ẹ má ṣépè fún un mọ́, Màmá. Ọkùnrin yẹn ń sunkún nítorí wa. Mo fi etí mi gbọ́ ọ."

"Ta ní ń sunkún? Vishwambhar?" Màmá Gomti tutọ́ sílẹ̀. "Ìyá Kesar, o dáa jù. Ìwà dáadáa ẹ yìí ló máa pa ẹ́."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Sarju fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Lọ́jọ́ kọkànlá, bó ṣe ń darí bọ̀ wálé, ó bá àwọn ọkùnrin Alábòójútó lórí òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú òòlù. Díìṣì rẹ̀ ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó di ẹsẹ̀ ọ̀kan mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù." Wọ́n ní kó lọ bá ọ̀gá sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n dé òrùlé Màmá Gomti, wọ́n ò rí díìṣì. Ohun tí wọ́n rí ni agbada fífẹ̀ kan tó dojú kọ òkè, tí màmá ti bu ẹ̀wà lílọ̀ sí ní kékeré kékeré kó lè gbẹ sínú oòrùn.

"Kí nìyí, Màmá?"

"Ẹ̀wà mi ni. Àbí ọ̀gá yín ti fòfin de ẹ̀wà náà?"

Wọ́n tọ́ ọ wò, ó dùn, wọ́n tún mú díẹ̀, wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbọ̀ngàn ìlú kún àkúnya. Ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso gbogbo agbègbè wa, Ìyáàfin Nandita, wá fúnra rẹ̀, ó jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n náà wà lára ògiri, ó dúdú, ó ń dán, ó gbòòrò bí ilẹ̀kùn ilé ọlọ́rọ̀. Sarju ti dé láti aago mẹ́wàá. Ìlà kejì ló jókòó sí. Ó ti gbà f'Ọlọ́run: bí kò bá rí i nílé, á rí i níbí, á tiẹ̀ tóbi sí i.

Ẹ mọ àṣà wa. Kò sí ohun tuntun tí a kì í súre fún, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe máṣíìnì. Wọ́n fọ́ àgbọn síwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé ẹ̀gbà òdòdó mẹ́ta kọ́ ọ. Àlùfáà po osùn pupa mọ́ ìrẹsì, ó fi tọ́ tẹlifíṣọ̀n níwájú orí. Ọ̀gá ní kò tó, kí wọ́n tọ́ rìmóòtù náà, torí rìmóòtù lọba, tẹlifíṣọ̀n lẹrú rẹ̀. Wọ́n tọ́ rìmóòtù náà. Àlùfáà ò fi osùn ṣahun.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. "Lónìí, ojú Motichauki là! Ẹ̀yìn ọ̀la ni àwọn ìlú ńláńlá á máa bẹ̀ wá wò! Ẹni tó bá bi yín pé ta ló ṣe é, ẹ má dárúkọ mi, onírẹ̀lẹ̀ ni mí. Lakhan á dárúkọ mi." Lakhan sì dárúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lakhan gbé rìmóòtù wá lórí tìmùtìmù sílíìkì. Ọ̀gá na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó padà sẹ́yìn.

"Ó ń ronú ni, ọ̀gá," ni Lakhan wí. "Ọlọ́gbọ́n kì í dáhùn kíákíá."

Wọ́n dúró kó ronú tán. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ ọ̀gá, ara ò rọ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, Iqrar dìde láti ẹ̀yìn, ó gba rìmóòtù, ó wò ó. "Ẹ ti fi osùn di ojú rẹ̀ pa. Ẹ tún fi òdòdó bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Afọ́jú méjì lẹ ní kí wọ́n máa wo ara wọn." Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ún, ó gbá òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹlifíṣọ̀n tàn.

Ojú ọ̀gá yọ, imú rẹ̀ nìkan tó àgùntàn. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni orin náà, kò sí bọ́tìnnì tó lè gé e kúrú. Nígbà tó tán, tẹlifíṣọ̀n ní kí wọ́n tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá, ẹ ti mọ̀ ọ́n: Ìmọ́lẹ̀ Motichauki Baba Ìtẹ̀síwájú Ọ̀tá Òkùnkùn, pọ̀ mọ́ra wọn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa fi bọ́tìnnì lé kiri ojú tẹlifíṣọ̀n, sọ́tùn-ún, sósì, sísàlẹ̀. Ó fẹ́ tẹ "B", ó kọjá a. Ó padà, ó tún kọjá a. Òógùn bò ó. Ó dé ìdí "Ọ̀tá Òkùnkùn", ó ku lẹ́tà mẹ́ta péré, iná lọ.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ọ̀rẹ́ mi, èmi kọ́ o.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ojú ọ̀gá tún yọ. Orin tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Sarju wo aago ara ògiri: aago méjì ku ogún. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ́ etí sáárì rẹ̀ títí ó fi ya.

Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Ọ̀gá wá áàpù kírikẹ́ẹ̀tì. Ó rí áàpù ẹja tó ń wẹ̀. Ó rí áàpù tó ń sọ bóyá òjò á rọ̀ nílùú òyìnbó kan tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó rí èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ láàárọ̀.

"Kírikẹ́ẹ̀tì dà?" ni àwọn èèyàn ń pariwo.

"Kò sí nínú rẹ̀," ni Iqrar wí. "Àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n yìí ò fi áàpù náà sí i, wọn ò sì fàyè sílẹ̀ kí èèyàn fi í sí i. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní erin ni."

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n bí ìbọn. "Èmi Alábòójútó Vishwambhar, mo pàṣẹ fún ọ, gbé kírikẹ́ẹ̀tì jáde!" Ó di gbogbo bọ́tìnnì mú pọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n wá sọ̀rọ̀. Èyí tó tẹ̀ yẹn, bọ́tìnnì tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ò ríran ni, tó ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú tẹlifíṣọ̀n sókè ketekete. Ohùn obìnrin ni, ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn ẹni tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ káàbọ̀, Alábòójútó Vishwambhar. Ẹ tẹ̀síwájú láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí nínú ọ́fíìsì yín lánàá. *Ìyá-ọkọ Ń Bọ̀*. Ìpín igba ó lé mẹ́rìnlá. Meenal ń sunkún nílé ìdáná."

Ohun tí Lakhan nìkan mọ̀ ni pé àbúrò tẹlifíṣọ̀n yìí wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá, "fún àyẹ̀wò", àti pé orúkọ kan náà ni ọ̀gá fi ṣí méjèèjì. Kò gbà kí orúkọ ẹlòmíràn wọ ohun tí òun rà. Èyí tó bá ti wò níbẹ̀, tibí náà ti mọ̀ ọ́n.

"Pa á! Pa á!" ni ọ̀gá ń kígbe. Lakhan sáré mú tìmùtìmù, ó fi bo tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kí ni tìmùtìmù kan fẹ́ bò nínú ohun tó gùn ju ọkùnrin méjì lọ?

"Ẹ kú oríire," ni ohùn náà ń bá a lọ. "Lóṣù yìí, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ti wo ìpín mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀? Ẹ fún wa ní ìràwọ̀."

Rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fi bọ́tìnnì balẹ̀. Eré Ìyá-ọkọ náà bẹ̀rẹ̀. Meenal la ẹnu, ó bú sẹ́kún, ẹkún gidi, ẹkún àsun-ùn-dákẹ́.

Sarju mọ ẹkún yẹn. Ó dìde. Obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ láwùjọ rí láyé rẹ̀ ni.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín. Mò ń gbọ́ ẹkún nínú ilé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń sunkún nítorí ìyà wa. Àánú yín ṣe mí. Mo bá Màmá Gomti jà nítorí yín. Mo gbàdúrà fún yín, ọ̀gá. Ṣé obìnrin yìí ni mò ń gbàdúrà fún?"

Gbogbo oyè mẹ́ta tí ọ̀gá ní, kò sí èyí tó wá ràn án lọ́wọ́.

"Lakhan," ni Ìyáàfin Nandita wí láì gbé ojú sókè nínú ìwé kékeré rẹ̀, "gílóòbù pupa yẹn, ṣé gbogbo ọjọ́ ló ń tàn?"

"Gbogbo ọjọ́, Ìyáàfin," ni Lakhan dáhùn kíákíá. Bí ọ̀gá ṣe ń ṣubú, onípọ́nni ló ń kọ́kọ́ yà fún un.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní "Ìyá-ọkọ dé o!", ariwo gba gbọ̀ngàn. Àmọ́ Sarju ò rẹ́rìn-ín. Aago ara ògiri ti kọjá méjì. Eré ti bẹ̀rẹ̀ níbì kan, òun ò sì ní rí i náà. Ó bo ojú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Màmá Gomti fi ọ̀pá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dìde, òmùgọ̀ ọmọ. Ṣé ẹkún Meenal ò tó? Iqrar! Díìṣì mi wà lórí òrùlé. Wá kó ẹ̀wà mi kúrò nínú rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n sáré. Iqrar ló ṣáájú, ó gbé Màmá Gomti pọ̀n nítorí orúnkún rẹ̀ ò dáa. Lórí òrùlé, ó da ẹ̀wà sínú aṣọ, ó dojú díìṣì sí ìwọ̀ oòrùn, ó fi eyín bó wáyà. Ọpẹ́ ni pé iná ti padà dé. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ Màmá Gomti jáde, èyí tó yọkùn sẹ́yìn bí aboyún. Òjò funfun ló kọ́kọ́ ń rọ̀ lójú rẹ̀. Iqrar yí díìṣì díẹ̀. "Ó ti dé!" ni wọ́n kígbe. Ó lọ. Ó tún yí i. Ẹ̀wà kan tó ti gbẹ mọ́ ọn jábọ́. Ó dé.

Pápá tútù. Àwọn ọmọbìnrin láṣọ búlúù. Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀kan nínú wọn, tínínrín, onírun dídì. Ọmọbìnrin náà gba bọ́ọ̀lù, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fa etí rẹ̀ ọ̀tún.

Sarju sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan kan etí náà lójú gíláàsì. "Mo ti rí ọ," ni ó wí. "Mo rí ọ, Kesar."

Kesar sáré, ó jù ú. Ti àkọ́kọ́ kọjá lọ. Ti kejì, wọ́n gbá a jìnnà. Ní ìkẹta, igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn alátakò fò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ni pé Kesar ti lé e jáde nínú eré; ariwo tó sọ lórí òrùlé yẹn, màlúù tó sùn sójú títì dìde. Ọdún mẹ́sàn-án ni Sarju ti ń fetí gba ariwo láti òkèèrè. Lọ́jọ́ yẹn, àárín rẹ̀ gan-an ló wà, òun ló sì pariwo jù.

Ìyáàfin Nandita náà wà níbẹ̀, ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà gbígbẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní gbọ̀ngàn. Wọ́n ní Alábòójútó ń wá rìmóòtù lábẹ́ àga, tẹlifíṣọ̀n sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè pé, "Ṣé ẹ ṣì ń wò ó?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìjọba ti gbé Vishwambhar lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ka iye kànga tó ti gbẹ. Díìṣì padà sórí òrùlé wa, fọ́tò kankan ò sì kú nítorí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣì wà lára ògiri, torí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ojú ọ̀gá kúrò nínú rẹ̀.

Gílóòbù pupa yẹn ńkọ́? Sarju ló lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ alábòójútó tuntun. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì rárá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Orí òrùlé Màmá Gomti ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìṣì. Tẹ́ ẹ bá kọjá ní Motichauki lọ́jọ́ tí Kesar bá ń ṣeré, tẹ́ ẹ rí i tó ń tàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kanlẹ̀kùn. Ìyá Kesar wà nípàdé.